Àwọn Ọkọ Mi Ní Kíláàsì Kẹta

Nínú kíláàsì tí mo ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà láyé mi, àwọn ọkọ mi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ikun ń jáde nímú àwọn kan, àwọn kan ò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, ọ̀kan sì wà tó jẹ́ pé bí a bá ti kọrin àárọ̀ tán báyìí ni oorun á gbé e lọ. Ọkọ mi ni gbogbo wọn. Ẹni tí kò mọ àṣà wa lè rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, àmọ́ ẹni tó bá ti ṣe ìyàwó rí ní agboolé ńlá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọmọ yòówù tí o bá bá nílé ọkọ rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ wọlé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ìbáà jẹ́ ọmọbìnrin, ọkọ rẹ ni. O ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ìwọ lo máa wo ojú rẹ̀, tí wàá wo ìwà rẹ̀, tí wàá wá orúkọ mìíràn tó máa dùn mọ́ ọn fún un: Adúmáadán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Akọ̀wé. Orúkọ yẹn ni wàá máa pè é títí ayé.

Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Ìgbájọ ni wọ́n bí mi sí, ojú mi báyìí ni ìyá mi ṣe ń pe àbúrò bàbá mi ní Ará Ìbàdàn, nítorí pé ọkùnrin náà máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ sóko. Kò dé Ìbàdàn rí. Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀, síbẹ̀ èmi náà ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bẹ àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé mi lọ bá àwọn ọkọ mi. Àfọwọ́fà gbáà ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ tíṣà ní Ìlá ni mo ń lọ, nígbà tó sì tó àkókò tíṣín pírátíìsì, ìyẹn àkókò tí wọ́n máa ń pín wa káàkiri ilé ìwé kí a lọ dánra wò, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí wọn ò fi ní gbé òun jáde kúrò ní ìgboro Ìlá. Ìlá ni ọjà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí iná fi ṣájì fóònù wọn, ọ̀kadà ò sì wọ́n níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo wọ ọ́fíìsì, tí mo ní Ọ̀rà ni mo fẹ́ lọ. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ wò mí títí, ó ní ṣé ara mi yá. Ara mi yá. Ọmọ mi ló wà ní Ọ̀rà, lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lẹ́nu ọmú ni, ọmú mi ṣì ń rántí rẹ̀. Ọkọ mi gan-an, ìyẹn ẹni tó gbé mi níyàwó, Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà ọdún ló máa ń wálé. Nínú gbogbo àwọn ọkọ tí mo ní, òun ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n fún mi ní Ọ̀rà. Ilé ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún mi kò jìnnà sí agboolé wa rárá. Bí ọmọ mi bá sunkún, tí atẹ́gùn bá fẹ́ dáadáa, mo lè gbọ́ ọ láti kíláàsì. Inú mi dùn dé ibi pé lọ́jọ́ Àìkú, mo jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí. Mo ní Ọlọ́run ti gbé mi sún mọ́ ilé. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó rántí bi mí pé ọmọ ta ni mo fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ohun tó wà nílẹ̀: bí mo bá fìdí rẹmi nínú tíṣín pírátíìsì, ọdún mìíràn ni màá tún fi ṣe é. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ti gbà láti bá mi tọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́, wọ́n sì ní oko obì tí wọ́n ń bójú tó. Bí mo bá wá ṣẹ àwọn ará ilé, tí wọ́n bá gbé ọmọ mi lé mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti parí nìyẹn. Mi ò ní ìyá láyé mọ́ tí màá gbé ọmọ lọ bá. Bí mo ṣe wà nìyẹn láàárín ìwé àti ilé, tí mi ò lè bá ọ̀kankan jà nínú wọn.

Kí a tó kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, lẹ́kúrà wa kan, tó fẹ́ràn láti máa tú táì rẹ̀ kó tún máa dì í padà bó bá ń sọ̀rọ̀, ti kìlọ̀ fún wa pé tíṣà tí kì í pe ọmọ lórúkọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní bí ọmọ bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu tíṣà ni ọpọlọ rẹ̀ máa ń ṣí. Ó ní máàkì wà fún un. Bí a ṣe gbọ́ máàkì, gbogbo wa kọ ọ́ sílẹ̀, a fi báírò pupa fàlà sí i nídìí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú àti búláòsì funfun, mo ṣí rẹ́jísítà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣáájú, ọmọ agboolé mìíràn ni wọ́n, wọ́n dáhùn. Lẹ́yìn náà ló kan ọmọbìnrin kan báyìí, ọmọ ọmọ Bàbá tó dàgbà jù ní agboolé wa. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ, eyín ọmọ náà funfun báláú, mo sì sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Báyìí, eyín iwájú ti yọ tán, orúkọ ló kù. Mo pe orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, mo fi ohùn tíṣà pè é.

Kò dáhùn. Mo tún un pè. Ó wò mí bí onílé ṣe ń wo ayálégbé. Ni ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé, "Yéè! Ìyàwó pe ọkọ lórúkọ!" Gbogbo wọn hó yèè. Mo fi dọ́sítà gbá tábìlì, mo ní, "Ẹ dákẹ́! Tíṣà ni mí níbí." Ọmọ náà gbé orí lé déésìkì, kò gbé e sókè mọ́ títí aago fi lù. Èmi náà, nígbà tó ti bàjẹ́ tán, mo ní kó kúkú bàjẹ́ dáadáa. Mo pe gbogbo àwọn ọkọ mi tó kù lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi àmì sí i.

Ìròyìn ti dé ilé kí n tó dé. Mọ́mì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pọn ọmọ mi, wọ́n ń bó obì sínú abọ́. Mo kí wọn. Bàbá wà lábẹ́ igi ọsàn lọ́hùn-ún pẹ̀lú rédíò wọn, àwọn ìyàwó ilé sì pọ̀ ní ìta ju bó ṣe yẹ ní irú àsìkò yẹn lọ. Olúkúlùkù wọn ló ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó mi," Mọ́mì ní, "wọ́n ní o ti mọ orúkọ gbogbo ará ilé yìí."

"Mọ́mì, inú rẹ́jísítà ni mo ti kà á."

"Ṣé rẹ́jísítà ló gbé ẹ níyàwó ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ ti máàkì, mo sọ ti ọpọlọ ọmọ tó ń ṣí. Mọ́mì fi mí sílẹ̀ kí n sọ ọ́ tán, wọn ò gbójú sókè kúrò lórí obì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ọmọ náà ló wà níbẹ̀ yẹn. Lọ kúnlẹ̀ fún un."

"Mọ́mì, ọmọ ọdún mẹ́jọ?"

"Ọkọ ẹ ni. Kó o sì kúnlẹ̀ níbi tí gbogbo wọn á ti rí ẹ."

Mo wo ọmọ mi lẹ́yìn wọn. Mo lọ kúnlẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú mi pọ́n fún erùpẹ̀. Ọkọ mi ń jẹ àgbàdo sísè, ó ń fi eyín ẹ̀gbẹ́ gé e nítorí kò sí ti iwájú. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó jẹ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ó gbé e mì, ó bojú wo ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, ó wá ní, "Mo ti gbọ́. Kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́ o." Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò kọjá ètè.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe Àbújá. Mo ro ẹjọ́ mi fún ọkọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rẹ́rìn-ín títí nẹ́tíwọ̀kì fi gé e. Nígbà tó pè padà, ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin lẹ kúkú jọ wà níbẹ̀," ó sì bi mí bóyá ọmọ jẹun.

Inú bí mi sí Mọ́mì gan-an. Mi ò lè fi hàn wọ́n, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, kò sí ohun tí mi ò bá wọn sọ. Obìnrin tí ọmọ tirẹ̀ wà ní Àbújá, tó ní kí ìyàwó ọmọ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò ní eyín! Mo ní kí n ṣáà gba ìwé ẹ̀rí mi ná.

Láti ọjọ́ kejì, orúkọ àdàpè ni mo fi ń kọ́ wọn. Mi ò ka rẹ́jísítà jáde mọ́. Màá kàn máa wo ojú, màá sì máa fi àmì sí i. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí ni ìdáhùn?" "Akọ̀wé, gbé ìwé rẹ wá." Kò pẹ́ tí àwọn tí kì í ṣe ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Wọ́n ní, "Tíṣà, àwa ńkọ́?" Wọ́n rò pé ẹ̀bùn ni mò ń fún àwọn yòókù. Mo bá sọ àwọn náà lórúkọ, ọmọkùnrin kan tó máa ń pẹ́ dé ní gbogbo ìgbà ni mo sọ ní Olóyè. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń tètè dé. Ó ní olóyè kì í pẹ́ lẹ́yìn.

Èyí tó ṣòro jù ni ìjìyà. Bí ọkọ mi bá pariwo ní kíláàsì, kí ni kí n ṣe fún un? Mo ní, "Ọkọ mi, jọ̀ọ́, jáde wá kúnlẹ̀." Yóò jáde, yóò kúnlẹ̀, yóò sì gbé ọwọ́ sókè. Bí a bá délé lọ́sàn-án, èmi náà á kúnlẹ̀ kí i lójú àwọn àgbà. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè. Ká má parọ́, Eyínfúnjowó kò fi ohun tó ṣẹlẹ̀ bá mi ṣọ̀tá. Ó ti gba ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ó ti gbàgbé. Èmi ni mi ò gbàgbé.

Ọjọ́ tí lẹ́kúrà máa wá yẹ̀ mí wò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gba orí wọ́sáàpù kan kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní wọ́n ti rí i lórí ọ̀kadà, ó dorí kọ Ọ̀rà. Nígbà tó fi wọlé, eruku ti kun ojú rẹ̀ pupa. Táì ni mo kọ́kọ́ rí. Òun náà ni, ẹni tó ní ọpọlọ ọmọ ń ṣí. Ó lọ jókòó sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì yọ báírò pupa.

Ìṣirò ni mo kọ́ wọn, bí a ṣe ń pín nǹkan sí ìdajì àti ìdá mẹ́rin. Mo gbé iṣu wá láti ilé, mo gé e lójú wọn. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n mọ iṣu pín ju èmi lọ. Ìjà tó wà níbẹ̀ kò ju ti ẹni tó máa mú ibi orí iṣu. Mo ń rí i pé lẹ́kúrà ń mi orí. Ìgbà tí mo ń ronú pé mo ti bọ́ ni ó gbé ọwọ́ sókè. Ó fi òyìnbó sọ ọ́ pé òun ti ṣàkíyèsí pé orúkọ tí mò ń pe àwọn ọmọ wọ̀nyí kò dà bí orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà. Ó ní kí n gbé rẹ́jísítà, kí n pe orúkọ wọn lójú òun.

Àwọn ọmọ ò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí mi tí mo gbé rẹ́jísítà, wọ́n sì mọ ohun tó kù. Eyínfúnjowó ń wò mí. Kì í ṣe pẹ̀lú ìkà, ó kàn fẹ́ mọ ohun tí mo máa ṣe ni. Mo wo báírò pupa lẹ́yìn kíláàsì. Mo rántí ọmọ mi lẹ́yìn Mọ́mì. Bí mo bá pè wọ́n, ilé bàjẹ́. Bí mi ò bá pè wọ́n, ìwé bàjẹ́. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ lọ fíìfíì.

Ibẹ̀ ni ó ti sọ sí mi lọ́kàn pé ìyàwó ni wọ́n kà á léèwọ̀ fún. Ọkọ lè pe ọkọ.

Mo ní, "Eyínfúnjowó, jáde wá." Ó jáde. Mo gbé rẹ́jísítà lé e lọ́wọ́, mo ní, "Bá mi pè wọ́n." Ó kọ́kọ́ wo ojú mi bóyá mò ń tàn án ni. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó fi ìka tẹ orúkọ àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn ń gba àlàfo eyín rẹ̀ jáde. Àwọn kan, ó kà wọ́n. Àwọn kan, ó mọ̀ wọ́n lórí. Bó bá dé ibi orúkọ tó gùn, kíláàsì á bá a gbé e. Olórúkọ á fò dìde, á dáhùn bí ẹni pé ìdíje ni. Kò sẹ́ni tó sùn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó kan orúkọ tirẹ̀, ó dúró, ó kà á jáde ketekete, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Pírẹ́sẹ́ǹtì, mà." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Lẹ́kúrà kọ̀wé títí. Nígbà tó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní ohun tí àwọn ń fi ojoojúmọ́ kọ́ wa tí kò yé wa nìyẹn, pé kí ọmọ fúnra rẹ̀ wà ní àárín ẹ̀kọ́. Ó ní níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní, "Nínú ìwé tí ẹ fún wa, sà." Nígbà tí a padà sí Ìlá, ó fi ọjọ́ kan odidi kọ́ wọn ní ọ̀nà tuntun yìí, ó tú táì, ó dì í. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fàlà sí i nídìí. Èmi náà kọ ọ́. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀rù ìyá ọkọ ló bí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ tó wá gan-an ni mo fẹ́ sọ. Mo délé pẹ̀lú agbára. Mọ́mì wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń wẹ ọmọ mi nínú bàsíà. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo ṣe bí lẹ́kúrà ṣe jókòó, mo ṣe bí Eyínfúnjowó ṣe dá ara rẹ̀ lóhùn. Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Ìgbà náà ni mo rí ààyè, tí mo sọ ohun tó ti wà nínú mi látọjọ́ yìí. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i, Mọ́mì? Ọgbọ́n ló yanjú ẹ̀. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n bu omi sí ọmọ lẹ́yìn, wọ́n fi ọwọ́ nù ún lọ sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ tó o pe ọmọ yẹn lórúkọ," wọ́n ní, "Bàbá ti ránṣẹ́ pè mí kó o tó délé. Wọ́n ní kí n di ẹrù ọmọ yìí sílẹ̀, tó o bá ti wọlé báyìí, kí n gbé e fún ẹ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa bá ẹ gbọ́mọ mọ́ nílé yìí nítorí ìwé tó ń kọ́ ìyàwó láti máa pe ọkọ lórúkọ. Gbogbo àwọn ìyàwó ilé ló sì ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí."

Mo ní, "Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní wàá kúnlẹ̀ fún ọmọ náà lójú gbogbo wọn. Bàbá ní irọ́ ni, o ò ní ṣe é, pé o ti di akọ̀wé."

"Tí mi ò bá wá ṣe é lóòótọ́ ńkọ́?"

"Mo ti kúnlẹ̀ fún wọn kó o tó dé," Mọ́mì ní. "Mo ní tí o ò bá ṣe é, kí wọ́n ka ìkúnlẹ̀ tèmi sí tìẹ."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ni Mọ́mì ti ń gbàdúrà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Pásítọ̀ pàápàá kì í ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Mo wò wọ́n lórí àpótí tí wọ́n jókòó lé, ojú tì mí, àánú wọn sì ṣe mí débi pé mi ò lè bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé ọmọ jáde nínú bàsíà, omi ń ro lára rẹ̀, wọ́n sì nà án sí mi.

"Nù ún lára kí òtútù má baà mú un," wọ́n ní. "Tó o bá ṣe tán, gbé e padà fún mi, kó o lọ kàwé ẹ."